Gbèsè Ìjọba àti Owó Ìlera: Àwọn Ìbéèrè Tí Ará Ìlú Máa Ń Bi Mí

Láti ìgbà tí mo ti wọ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa, kò sí ibi tí mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde. Ìbáà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, nínú mọ́tò, tàbí lẹ́yìn ìsìn, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: ìjọba ń yáwó lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn kò sì ní oògùn, níbo lowó náà ń gbà lọ? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Èló gan-an ni Nàìjíríà jẹ?

Nígbà tí ọdún 2024 parí, DMO, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó gbèsè ìjọba, sọ pé gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ náírà tírílíọ̀nù 144.67. Ní ìparí ọdún 2015, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 12.6 ni. Ẹni tó bá gbọ́ iye méjèèjì yìí tó figbe ta, kò jẹ̀bi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u wò, nítorí gbogbo rẹ̀ kọ́ ni owó tuntun tí wọ́n lọ yá. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè, dọ́là bílíọ̀nù 45.78. Títí di àárín oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń ka dọ́là kan sí. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Dọ́là ọjọ́un náà ni, ṣùgbọ́n ní náírà, ẹrù náà ti di ìlọ́po mẹ́ta lórí wa. Ohun kejì ni náírà tírílíọ̀nù 22.7 tí Báńkì Àpapọ̀ ti ń yá ìjọba láti ọdún mélòó kan wá. Kò sí nínú ìwé gbèsè tẹ́lẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ wọlé. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé wọ́n ti ná owó náà tán kí ará ìlú tó gbọ́ pé gbèsè ni.

Wọ́n ní owó gọbọi ń lọ sórí gbèsè lọ́dọọdún. Kí ló dé tí gbèsè kò tán?

Bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí bàbá kan bá yáwó láti fi sìnkú tàbí láti fi gbéyàwó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà á máa roko olówó, koríko á sì máa hù nínú oko bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé ni. Owó tí bàbá yá ṣì wà níbẹ̀ digbí títí ọjọ́ tó bá rí i san.

Bí púpọ̀ nínú owó gbèsè inú bọ́jẹ́ẹ̀tì wa ṣe rí nìyẹn. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025, náírà tírílíọ̀nù 54.99 ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, tírílíọ̀nù 14.32 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti gbèsè. Ìyẹn ni pé nínú náírà mẹ́rin tí ìjọba fẹ́ ná, ó lé ní ọ̀kan tó ti ní olówó kí nọ́ọ̀sì kankan tó gbowó oṣù. Ìlera ńkọ́? Nínú àbá tírílíọ̀nù 49.7 tí Ààrẹ Tinubu gbé lọ síwájú wọn ní oṣù Kejìlá 2024, tírílíọ̀nù 2.48 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, nǹkan bíi náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo gbọ́ pé ìjọba ṣèlérí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé ó kéré tán, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn yóò máa lọ sórí ìlera. Àwa la gbà wọ́n lálejò. Orúkọ olú ìlú wa ni wọ́n fi ń pe ìlérí náà títí dòní. A kò tíì mú un ṣẹ lọ́dún kan ṣoṣo.

Ṣé gbèsè ló ba ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́, àbí ìwà àwọn olórí?

Méjèèjì so mọ́ra, ó sì ti pé ogójì ọdún tí wọ́n ti so mọ́ra.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, Sani Abacha tó ka ìkéde náà lórí rédíò sọ pé ilé ìwòsàn wa ti di ibi tí wọ́n kàn ti ń yẹ aláìsàn wò lásán, kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí irinṣẹ́. Gbèsè ti wà lọ́rùn wa nígbà náà, owó epo rọ̀bì sì ti já wálẹ̀. Ní 1985, Ibrahim Babangida ní kí ará ìlú jíròrò bóyá kí a yá owó lọ́wọ́ àjọ IMF. Ẹ bi àwọn tó ti dàgbà nígbà náà: lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Àwọn tó pọ̀ jù ní àwọn kò fẹ́. Ìjọba kéde pé àwọn ti gbọ́, àwọn kò ní gba owó náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1986, wọ́n gbé SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Owó IMF kò wọlé, ṣùgbọ́n ìyà tó bá owó náà wá wọlé. Wọ́n já náírà sílẹ̀, owó tí ìjọba ń ná fún aráàlú sì ń joro. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni sísan owó káàdì, owó oògùn àti owó bẹ́ẹ̀dì fìdí múlẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé aráàlú kò lóye ọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ sọ fún un pé a ti bi wọ́n léèrè rí, wọ́n sì ti fèsì.

Kí wá ni èrò ará ìlú gan-an? Ẹ̀yin kan náà lẹ̀ ń pariwo gbèsè, ẹ tún ń fẹ́ kí ìjọba náwó sí i.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn jù.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú wà, bíi Afrobarometer àti NOIPolls, iṣẹ́ wọn sì wúlò. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ṣe rí ni ìdáhùn ṣe ń rí. Bí ẹ bá bi ìyá kan ní ọjà Bódìjà pé, “Ìyá, ṣé kí ìjọba dín gbèsè kù?” wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá tún bi wọ́n pé, “Ṣé kí ìjọba náwó sí i lórí ilé ìwòsàn?” bẹ́ẹ̀ ni náà ni wọ́n á sọ. Àwọn kan á wá ní ọ̀rọ̀ ìyá yìí tako ara wọn. Kò takora rárá. Ẹni tó ń dá àjọ mọ̀ pé kí èèyàn yáwó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó burú ni kí o yáwó ọjà, kí ọjà má dé ìsọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. Kò sí iná. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi iná fóònù rẹ̀ wo obìnrin náà, ó wá ya bébà kan, ó kọ ohun tí a máa rà sí i: ìbọ̀wọ́ páálí kan, òwú, sírínjì márùn-ún, sípíríìtì, Jíìkì, ọ̀rá tí wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àti bẹntiróò lítà mẹ́ta fún jẹnẹrétọ̀. Aago méjì òru ti kọjá. Àbúrò mi gbé ọ̀kadà, ó ń kan ilẹ̀kùn kẹ́mísì kiri, èmi sì dúró ti aya rẹ̀, mo di ìwé yẹn mú bí ẹni pé òun ni yóò gbẹ̀bí. Nígbà tí ọmọ ti dé, tí ọkàn wa ti balẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ní, “Ẹ má bínú o, sà. Ọṣẹ tí a fi ń fọ ilẹ̀ yìí pàápàá, àwa la dáwó rà á.” Mi ò bínú sí i. Òun náà ń ru gbèsè ìjọba lórí ni.

Bí a ṣe ń padà sílé láàárọ̀, àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ká ní wọ́n gba owó yìí lọ́wọ́ mi ní owó orí, kí n sì bá ìbọ̀wọ́ nílẹ̀ lóru, ǹ bá ti san án tayọ̀tayọ̀.”

Èrò ará ìlú nìyẹn. A ti ń san owó ìlera, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yàrá ìrọbí la ti ń san án. Ó lé ní náírà 70 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde tààrà. Bí ìjọba bá ní òun dín owó ìlera kù kí gbèsè lè kéré, gbèsè náà kò kéré. Ó kàn kúrò lọ́rùn ìjọba, ó wá sọ́rùn yín. Ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ, ẹni tó yá owó àjọ tí kò tíì kàn án, ẹni tó fi ọ̀kadà rẹ̀ dúró nílé ìwòsàn kí wọ́n lè jọ̀wọ́ ìyàwó rẹ̀, kò sí orúkọ ìkankan wọn nínú ìwé DMO.

Ṣé kì í ṣe pé àwa Yorùbá kàn kórìíra owó orí ni?

Rárá o. Àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969 kò sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ lórin ni “Òkè mẹ́fà la ó san.” Òkè mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Iye kan wà tí wọ́n fẹ́ san. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé owó orí ń ga, kòkó kò mówó wá, àwọn agbowó ń fìyà jẹ wọ́n, ọ̀nà àti omi kò sì dé abúlé. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó gbọ́, kí wọ́n tó dín owó náà kù.

Bàbá mi ní ọ̀fẹ́ ni ìwòsàn láyé Awólọ́wọ̀. Ṣé ìtàn ni?

Kì í ṣe ìtàn. Láyé Action Group, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí kò tíì pé 18 lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1979 ẹ̀wẹ̀, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ nígbà náà, fi polongo ìbò, Bọ́lá Ìgè, Jakande, Ọnàbánjọ àti Ajasin sì gbìyànjú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn. Owó kòkó ló gbé ti àkọ́kọ́. Ti èkejì bọ́ sí àkókò tí owó epo ń já wálẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn ológun fi dé.

Ṣé a ti rí i rí kí gbèsè tó kúrò di ìlera fún mẹ̀kúnnù?

A ti rí i, kì í sì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní 2005, nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ Ààrẹ tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ẹgbẹ́ olówó Paris Club dárí gbèsè bíi dọ́là bílíọ̀nù 18 jì wá. Àwa náà san bíi bílíọ̀nù 12 láti fi parí ìyókù. Nàìjíríà wá gbà pé owó tí ìbá máa lọ fún àwọn olówó yẹn lọ́dọọdún, orí ẹ̀kọ́, omi àti ìlera ni kó lọ. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti gbé ètò agbẹ̀bí kan kalẹ̀ ní 2009: wọ́n gba agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí tí kò rí iṣẹ́ àti èyí tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilé ìlera ìgbèríko tí kò ní agbẹ̀bí rárá.

Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá ní kò sí ohun tó kan aboyún nínú ọ̀rọ̀ dọ́là. Owó kan náà ni. Àwọn olówó òkèèrè ló ń kó o lọ tẹ́lẹ̀, ó wá padà di agbẹ̀bí.

Kí ìjọba kúkú má san gbèsè mọ́, ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Kò dáa. Kì í ṣe òkèèrè nìkan la ti yáwó; ìdajì tó kù, ilé la ti yá a, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí ìjọba bá kọ̀ láti san, tíṣà tó ń dúró de pẹ́ńṣàn ló máa kọ́kọ́ sunkún.

Ṣé ó yẹ ká yáwó nítorí ìlera rárá?

Ní tèmi, ó yẹ nígbà mìíràn. Ajẹsára tí ọmọ gbà lónìí, ogójì ọdún ni yóò fi jẹ èrè rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ dáadáa, àwọn ọmọ tí yóò san gbèsè náà ni yóò lò ó. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni yíyáwó san owó oṣù àti owó epo mọ́tò. Èyí tó ba ọkàn aráàlú jẹ́ jù ni ti Kòrónà. Ní oṣù Kẹrin 2020, IMF yá wa ní dọ́là bílíọ̀nù 3.4 kíákíá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀ ní àpò lórí àpò, nígbà tí ebi ti ń pa wọ́n láti ìgbà kónílé-ó-gbélé. Owó IMF kọ́ ni wọ́n fi ra oúnjẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé lẹ́yìn ohun tí ojú rí yẹn? Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti ní ìjọba yáwó nítorí ìlera, “Wọ́n ti lọ kó o pamọ́” ni ẹ óò gbọ́.

Owó ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi kún ńkọ́? Ṣé kì í ṣe torí ìlera ni?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn, nítorí àtọ̀gbẹ àti ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dè é mọ́ ilé ìwòsàn. Àpò ìjọba gbogbogbòò ló wọ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé owó insulínì nìyí, mo gbà pé ariwo tó ta kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Owó wo gan-an ló yẹ kó dé wọ́ọ̀dù mi?

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Orúkọ rẹ̀ ni BHCPF, owó ìpèsè ìtọ́jú ìlera tó ṣe kókó. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ló dá a sílẹ̀, ó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ó tó wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì: 2018 ni, náírà bílíọ̀nù 55.15. Òfin náà pín in: ìdajì fún adójútòfò ìlera àwọn tí kò rí owó san, 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún oògùn, ajẹsára àti àwọn ohun èlò, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú ni pé owó yìí ń wá tààrà sí àkáǹtì ilé ìlera tó bá wà nínú ètò náà, ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi náírà 300,000 ni fún oṣù mẹ́ta. Kò pọ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí oògùn jẹ́ nísinsìnyí mọ̀ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó ra ìbọ̀wọ́, ó tó ra òwú, ó tó ra bẹntiróò òru. Ọ̀gá ilé ìlera náà gbọ́dọ̀ kọ ètò bí wọ́n ṣe máa ná an sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn, ará àdúgbò ni. Kò pọn dandan kí ẹ mọ sẹ́nétọ̀ kankan.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ti tirẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, “gómìnà ló gbé owó wa mì” kò tún tó ìdáhùn mọ́.

Adójútòfò ìlera tí wọ́n ní ó di dandan, ṣé owó orí mìíràn kọ́?

Òfin NHIA tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 ló sọ ọ́ di dandan. Mo máa ń sọ pé àjọ ni: gbogbo wa dá a, ẹni tí àìsàn kàn kó o. Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà sì ní tiwọn. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹnu aráàlú pẹ̀lú: bí olórí àjọ bá ti gbé owó sá rí, ẹ má retí pé wọ́n á sáré dá òmíràn. Ẹ lọ bá ẹni tó ti fi káàdì náà gbàtọ́jú ní àdúgbò yín, ẹ bi í ohun tó rí, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ìlú òyìnbó ni mo ń gbé. Kí ló kàn mí?

Ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó ìwòsàn ìyá yín láti London àti Houston, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò bébà oògùn tó ń wọlé sórí WhatsApp yín lóru, èlé gbèsè Nàìjíríà ni. Mínísítà ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti kúrò nílé láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kíkọ́ ẹyọ dókítà kan lé ní dọ́là 21,000. Orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè tó báyìí ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ dókítà kó lè lọ tọ́jú ará Manchester. Mi ò dá dókítà náà lẹ́bi. Mo ti rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lọ sí ilé ìlera wọ́ọ̀dù yín ní ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Mátírọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó BHCPF ti oṣù mẹ́ta yìí ti dé? Kí lẹ fẹ́ fi rà?” Bí wọ́n bá ní kò dé, ẹ bèèrè ìgbà tó dé kẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù.

Ní tiwa, a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé owó náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá kan tó pọn ọmọ dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ ra páálí ìbọ̀wọ́ mẹ́fà. Ẹ kó o wá kí n rí i.” Mátírọ̀nù lọ gbé e wá. Mẹ́rin ló kù. Ìyá náà kà wọ́n, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n lo méjì yòókù, Mátírọ̀nù sì ṣí ìwé àwọn tó bímọ fún un.